Sudoku kì í ṣe ìṣirò: ìbéèrè méjì tó ń ṣí gbogbo yàrá

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta aṣọ. Kò sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ nídìí owó: kí oníbàárà tó yọ fóònù jáde pé òun fẹ́ ṣírò yáàdì mọ́kànlá àǹkárá, ó ti pe iye owó rẹ̀ láìyẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo gbé Sudoku, eré àdììtú kan tí a ń fi nọ́ńbà dí àwọn ihò inú pátákó, síwájú rẹ̀, ó wo àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fọwọ́ tì í padà sọ́dọ̀ mi. Ó ní, “Gbé ìṣirò ẹ lọ jàre. Mo ti ṣe tèmi tán nílé ìwé.”

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ nìyẹn, ó sì máa ń dùn mí, torí pé nọ́ńbà ló ń dẹ́rù bà wọ́n níbi tí nọ́ńbà ò ti ṣe iṣẹ́ nọ́ńbà rárá. Nínú Sudoku, a kì í ro nǹkan pọ̀, a kì í yọ nǹkan kúrò, a kì í pín nǹkan. 7 ò ju 2 lọ níbẹ̀. Orúkọ lásán ni nọ́ńbà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jẹ́.

Mo wá bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ká ní pẹpẹ mẹ́sàn-án wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù yín, tí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan gba ìdì aṣọ mẹ́sàn-án. Irú aṣọ mẹ́sàn-án lẹ ní: àǹkárá, léèsì, àdìrẹ, sányán, àlàárì, ẹtù, àrán, jọ́ọ̀jì àti kíjìpá. Ẹ ò fẹ́ kí irú aṣọ kan wà lẹ́ẹ̀mejì lórí pẹpẹ kan náà. Ẹ ò sì fẹ́ kó wà lẹ́ẹ̀mejì béèyàn bá ń wò ó láti òkè wá sílẹ̀. Ẹnì kan ti kó ìdì bíi mélòó kan síbẹ̀ ṣáájú, ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣí wọn nípò. Ṣé ẹ máa lè to ìyókù?”

Ó wò mí. “Ṣé ìyẹn náà lẹ̀ ń pè ní ìṣirò? Ìpatẹ mà nìyẹn.”

Ìpatẹ ni lóòótọ́. Kódà, ìpatẹ yẹn ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún méjì àtààbọ̀ sẹ́yìn, Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Switzerland, ti kọ̀wé lórí irú ìtò bẹ́ẹ̀, níbi tí àmì kan kì í ti í wá lẹ́ẹ̀mejì ní ìbú tàbí ní òòró. Ohun tí Sudoku fi kún un ò ju ẹyọ kan lọ, òun náà ló sì mú kó dùn.

Ẹ jẹ́ ká fún àwọn nǹkan inú rẹ̀ lórúkọ kó má bàa dàrú mọ́ wa lójú. Ihò kékeré kọ̀ọ̀kan tí a ń kọ nọ́ńbà sí, yàrá ni mo máa pè é. Yàrá 81 ló wà lórí pátákó náà. Yàrá mẹ́sàn-án tó tò sùn láti òsì lọ sí ọ̀tún, ìlà nìyẹn. Mẹ́sàn-án tó tò nàró láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, òpó nìyẹn. Ẹ ó tún rí àwọn ilà nínípọn tó pín pátákó náà sí ọ̀nà mẹ́sàn-án, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní yàrá mẹ́ta ní ìbú àti mẹ́ta ní òòró. Mo máa pe ìyẹn ní agbo ilé. Agbo ilé yìí ni ohun tuntun tí wọ́n fi kún ìtò àtijọ́.

Òfin rẹ̀ ò gùn: nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, nínú òpó kọ̀ọ̀kan, àti nínú agbo ilé kọ̀ọ̀kan, 1 títí dé 9 gbọ́dọ̀ pé, kò sì sí èyí tó gbọ́dọ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí òfin mìíràn.

Orúkọ eré náà gan-an, inú òfin yìí ló ti wá. Lọ́dún 1984, ilé iṣẹ́ Nikoli ní Japan tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú orúkọ gígùn kan, Sūji wa dokushin ni kagiru, tó túmọ̀ sí pé àpọ́n ni nọ́ńbà gbọ́dọ̀ jẹ́. Maki Kaji, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Nikoli sílẹ̀, ló gé e kúrú di Sudoku. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ “àpọ́n” yẹn gan-an. 5 tó bá wà nínú agbo ilé kan, kò gbọ́dọ̀ bá 5 mìíràn pàdé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Japan kọ́ ni wọ́n ti bí eré náà. Howard Garns, ayàwòrán ilé kan ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é, wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àdììtú ilé iṣẹ́ Dell lọ́dún 1979, lórúkọ Number Place. Ó kú lọ́dún 1989, kí ayé tó mọ ohun tó ṣe. Ayàwòrán ilé tó pín pátákó sí agbo ilé mẹ́sàn-án: ìdí tí mo fi ń pe ihò inú rẹ̀ ní yàrá nìyẹn.

Ẹ padà wá sórí òfin, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ti ń ṣìnà láìmọ̀. Òfin náà ní apá méjì. Apá kan sọ pé nọ́ńbà ò gbọ́dọ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo èèyàn ló ń rántí ìyẹn. Apá kejì sọ pé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán gbọ́dọ̀ pé. Èyí ni wọ́n máa ń kà kọjá bíi pé kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ó níṣẹ́ gan-an ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú apá méjèèjì ló ń bí ìbéèrè tirẹ̀. “Kò gbọ́dọ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì” ń jẹ́ ká lè dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá kan ká béèrè pé, “Ta ló lè wọ yàrá yìí?” “Wọ́n gbọ́dọ̀ pé” ń jẹ́ ká lè di nọ́ńbà kan mú lọ́wọ́ ká béèrè pé, “Ibo ni èyí máa sùn nínú agbo ilé yìí?” Ẹni tó bá mọ ìbéèrè kan ṣoṣo béèrè, ó máa há sójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ méjèèjì, ọ̀nà á máa là fún un.

Ẹ mú pẹ́ńsù, kì í ṣe báírò, kí ẹ da eléyìí kọ. Àmì ìdánudúró ló wà níbi tí yàrá ti ṣófo.

2 9 . | 6 1 3 | . . .
8 . 5 | . . . | 9 . .
. . 6 | . . . | . . .
------+-------+------
. 7 . | . 6 . | . 1 .
3 5 . | 9 . 4 | . 7 6
. 2 . | . 8 . | . 5 .
------+-------+------
. . . | . . . | 4 . .
. . 9 | . . . | 6 . 3
. . . | 8 7 9 | . 2 5

Nọ́ńbà 30 ni wọ́n ti fún wa. Àwa la máa wá 51 tó kù. Mo máa ka ìlà láti òkè, mo sì máa ka òpó láti òsì.

Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀? Kì í ṣe ní yàrá àkọ́kọ́. Àṣìṣe tí èmi náà ṣe nìyẹn nígbà tí mò ń kọ́ ọ: mo ń lọ láti yàrá dé yàrá bí ẹni ń ka ìwé. Ẹ wá nọ́ńbà tó pọ̀ jù lórí pátákó. 6 fara hàn lẹ́ẹ̀márùn-ún, 9 náà lẹ́ẹ̀márùn-ún, nígbà tí 1 àti 4 ò ju ẹ̀ẹ̀mejì méjì lọ. Nọ́ńbà tó ti fara hàn jù ló ní ẹlẹ́rìí jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká di 6 mú.

Ẹ wo agbo ilé mẹ́ta tó wà lókè. Ti apá òsì ní 6, ní ìlà 3. Ti àárín ní 6, ní ìlà 1. Ti apá ọ̀tún ò tíì ní, ó sì gbọ́dọ̀ ní, torí òfin ní wọ́n gbọ́dọ̀ pé. Ibo ló máa sùn? Ìlà 1 ti ní 6 tirẹ̀, ìlà 3 ti ní tirẹ̀. Ó ku ìlà 2. Yàrá mẹ́ta ni ìlà 2 ní nínú agbo ilé yẹn, 9 sì ti wà nínú àkọ́kọ́. Ó ku méjì, òpó 8 àti òpó 9. Ẹ wá fi ìka tọ òpó 9 láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀: 6 jókòó níbẹ̀ ní ìlà 5. Ó tán. Ìlà 2, òpó 8 ni ilé 6. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ láìbẹ̀rù.

Ẹ má tíì kúrò níbẹ̀. Ká ní ìbéèrè kejì la béèrè lọ́wọ́ yàrá yẹn, pé ta ló lè wọlé sínú rẹ̀, ohun tó máa sọ fún wa ni pé 3 lè wọ̀, 4 lè wọ̀, 6 náà lè wọ̀. À bá wò ó títí, kò ní yé wa. Yàrá kan náà, ọjọ́ kan náà, ìbéèrè kan dì í, èkejì ṣí i. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi rí èyí, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Àṣé kì í ṣe yàrá ló le.”

Ẹ gbìyànjú 9 fúnra yín lókè níbẹ̀. Ó wà ní ìlà 1 lápá òsì, ó wà ní ìlà 2 lápá ọ̀tún, nítorí náà ìlà 3 ló kàn fún agbo ilé àárín. Òpó 4 ti ní 9 ní ìlà 5, òpó 6 ti ní 9 ní ìlà 9. Ìlà 3, òpó 5.

Ó wá kan ìbéèrè tó kù. Ìgbà tó dáa jù láti béèrè “Ta ló lè wọ yàrá yìí?” ni ìgbà tí ìlà, òpó tàbí agbo ilé kan bá ti fẹ́ẹ̀ kún. Ẹ wo ìlà 5: 3, 5, 9, 4, 7, 6 ti wà níbẹ̀. 1, 2 àti 8 ló kù, fún yàrá mẹ́ta. Ẹ dúró ti èyí tó wà láàárín gbùngbùn, òpó 5. Òpó náà ti ní 1 lókè pátápátá, ó ti ní 8 ní ìlà 6. 1 ò lè wọlé, 8 ò lè wọlé. 2 nìkan ló ní ẹ̀tọ́ síbẹ̀. Ó wá ku 1 àti 8 fún òpó 3 àti òpó 7. Agbo ilé tí òpó 7 wà nínú rẹ̀ ti ní 1, ní ìlà 4. Nítorí náà 8 ló máa gba òpó 7, 1 á sì lọ sí òpó 3. Ìlà 5 ti kún: 3 5 1 9 2 4 8 7 6.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú Sudoku. Nọ́ńbà kan tí ẹ bá kọ kì í dúró lásán. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò 20: mẹ́jọ nínú ìlà rẹ̀, mẹ́jọ nínú òpó rẹ̀, àti mẹ́rin mìíràn nínú agbo ilé rẹ̀. Bí ẹ bá kọ 1 sí yàrá kan, ẹ ti sọ fún yàrá 20 pé kí wọ́n má retí 1 mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ máa wo àyíká nọ́ńbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ kí ẹ tó lọ síbòmíràn.

1 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sí ìlà 5, òpó 3, ẹ wo agbo ilé tó wà. 7, 3, 5, 1 àti 2 ti wà níbẹ̀. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló ṣófo, 4, 6, 8 àti 9 ló sì ń wá ilé. 6 ò lè sùn ní ìlà 4 torí 6 ti wà níbẹ̀, ní òpó 5. Kò lè sùn ní òpó 3 torí 6 wà níbẹ̀ lókè. Igun kan ṣoṣo ló kù fún un: ìlà 6, òpó 1. 8 ò lè sùn ní ìlà 6, kò sì lè sùn ní òpó 1, nítorí náà ìlà 4, òpó 3 ló gbà á. 9 ti wà ní òpó 3, ní ìlà 8, tó fi hàn pé òpó 1 ni ti agbo ilé yìí máa wà. 6 ti gba ìsàlẹ̀ níbẹ̀, 9 á gba òkè, ní ìlà 4. 4 gba èyí tó kù, ìlà 6, òpó 3. Agbo ilé kan ti pé pérépéré.

Títí dé ibí yìí, a ò tíì kọ ohunkóhun tí a ò ní ẹ̀rí fún. Mo fẹ́ kí ẹ di ìyẹn mú, torí ibi tí mo fẹ́ lọ kàn ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jù ú sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, mo dé ibì kan tí 4 àti 8 ń du yàrá kan náà, mi ò sì rí ọ̀nà. Mo kọ 4 síbẹ̀ torí pé ó jọ 4 lójú mi. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbogbo nǹkan ń lọ geere, yàrá ń kún, inú mi ń dùn. Ìgbà tó ku bíi yàrá mẹ́fà ni mo rí 7 méjì nínú òpó kan. Mo pa ọ̀kan rẹ́, òmíràn bàjẹ́. Mo pa ìyẹn rẹ́, ìlà kan dàrú. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́ nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ. Mo ń fi ìrésà pa á rẹ́ títí ìwé náà fi lu. Àbá kan ṣoṣo ló bà á jẹ́, ṣùgbọ́n mi ò lè tọ́ka sí i, torí ojú kan náà ni nọ́ńbà tó ní ẹ̀rí àti èyí tí kò ní máa fi ń wò ọ́ lórí ìwé.

Àbá ò sì pọn dandan. Sudoku tí wọ́n ṣe dáadáa, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní. Kì í ṣe méjì. Àwọn tó ń ṣe é máa ń rí sí i pé nọ́ńbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún ọ tó láti darí rẹ síbẹ̀. Lọ́dún 2012, Gary McGuire àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní University College Dublin lo kọ̀ǹpútà láti fi hàn pé ó kéré tán, nọ́ńbà 17 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún èèyàn kí ìdáhùn tó lè jẹ́ ẹyọ kan. Ti wa ní 30. Kí ẹnikẹ́ni sì má rò pé òun lè máa dán gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi bọ́ sí i: iye ọ̀nà tí èèyàn lè gbà to pátákó náà kún láìrú òfin jẹ́ 6,670,903,752,021,072,936,960. Bertram Felgenhauer àti Frazer Jarvis ló kà á yọrí lọ́dún 2005.

Kí ni ká wá ṣe tí nọ́ńbà méjì bá ń du yàrá kan? Ẹ kọ méjèèjì síbẹ̀, ní kékeré, sí igun yàrá náà. Mo máa ń pè wọ́n ní òǹdíje. Ẹ jẹ́ ká padà sórí pátákó wa, sí ìlà 1. 4, 5, 7 àti 8 ló kù níbẹ̀. Òpó 3 ti ní 5, ó sì ti ní 4 àti 8 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. 7 nìkan ló lè gba ìlà 1, òpó 3. Òpó 7 ti ní 8 àti 4, nítorí náà 5 ló máa gba ìlà 1, òpó 7. Ó ku òpó 8 àti òpó 9, 4 àti 8 ló sì ń du méjèèjì. Èwo ni 4, èwo ni 8? A ò mọ̀. Ẹ kọ “4 8” ní kékeré sínú àwọn méjèèjì.

Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé a ò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Yàrá méjèèjì yìí wà nínú agbo ilé kan náà. A ò mọ ẹni tó máa wọ èwo, ṣùgbọ́n a mọ̀ dájú pé 4 àti 8 ló máa gba àwọn méjèèjì, wọn ò ní fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìyẹn ni pé 4 àti 8 ò lè sí níbòmíràn nínú agbo ilé náà. Ẹ wá lọ sí ìlà 3, òpó 8. Ṣáájú èyí, 3, 4 àti 8 ló ń díje níbẹ̀. 4 ti lọ, 8 ti lọ. 3 ló kù. A ò mọ ibi tí 4 wà, síbẹ̀ 4 ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ibi tí 3 wà! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí irú èyí fúnra mi, mo dìde nílẹ̀ rìn yí pálọ̀ ká.

Méjì tó so pọ̀ báyìí ni irinṣẹ́ kẹta tí olùbẹ̀rẹ̀ nílò. Àwọn ọgbọ́n mìíràn pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn tó ń díje ń lò. Ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ wáyé ní ìlú Lucca ní Ítálì lọ́dún 2006, Jana Tylová, ọmọ Czech, ló sì gbégbá orókè. Ẹ ò nílò ọgbọ́n wọn fún èyí tí wọ́n kọ “rọrùn” sí lórí. Ìbéèrè méjèèjì máa tó, èyí tó so pọ̀ á máa yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun mìíràn tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni bí a ṣe ń mọ èyí tó le. Wọ́n máa ń ka nọ́ńbà tí wọ́n fún wọn: bó bá pọ̀, wọ́n á ní ó rọrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ibi tí wọ́n fi nọ́ńbà sí àti irú ọgbọ́n tó gbà ló ń sọ bó ṣe le tó. Mo ti rí èyí tó ní 24 tí mo parí lórí ìjókòó kan, mo sì ti rí èyí tó ní 28 tó gbé mi sùn.

Ní ti fóònù, ọ̀pọ̀ áàpù Sudoku máa ń kọ gbogbo òǹdíje sínú yàrá fún ọ, wọ́n sì máa ń fi àwọ̀ pupa hàn ọ́ lójú ẹsẹ̀ tí o bá ṣìṣe. Ìmọ̀ràn mi fún olùbẹ̀rẹ̀ ni pé kó pa méjèèjì. Tí áàpù bá ń kọ òǹdíje fún ọ, ojú rẹ ò ní kọ́ bí a ṣe ń tọ òpó lọ tọ òpó bọ̀. Tí ó bá sì ń pọ́n ọ́n ní pupa, wàá máa dá àbá, wàá máa wo ojú rẹ̀. Ìwé àti pẹ́ńsù ló dáa jù ní oṣù àkọ́kọ́.

Ẹni tó gbé Sudoku dé ìwé ìròyìn ní Ìlú Ọba, adájọ́ ni. Wayne Gould, ọmọ New Zealand tó ti ṣe adájọ́ ní Hong Kong kó tó fẹ̀yìn tì, rí ìwé Sudoku nílé ìtàwé kan ní Japan lọ́dún 1997. Ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́fà kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe é, ìwé ìròyìn The Times ní London sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2004. Ibẹ̀ ló ti tàn ká ayé. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé adájọ́ ni, ó ní, “Abájọ tó fi ń bi mí ní ẹ̀rí lórí gbogbo nǹkan.” Ìgbà yẹn, ó ti ń fi báírò ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn káńtà, láàárín oníbàárà kan sí èkejì.

Pátákó wa ṣì wà níwájú yín. 3 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sí ìlà 3 máa sọ fún yín ibi tí 3 máa sùn nínú agbo ilé òkè lápá òsì. Ẹ béèrè ibi tó lè gbà nígbà tí kò lè sí ní ìlà 3 mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ dúró ti ìlà 6, òpó 7, kí ẹ béèrè ẹni tó lè wọ̀ ọ́. Ẹyọ kan ni, òun náà ló sì máa ṣí agbo ilé àárín lápá ọ̀tún, títí 4 á fi jókòó sí ìlà 4, òpó 9. Nígbà yẹn, “4 8” tí ẹ kọ ní kékeré lókè á tú ara rẹ̀ ká. Tí ẹ bá parí, kí ìlà tó kẹ́yìn kà báyìí: 4 6 3 8 7 9 1 2 5. Tí tiyín bá yàtọ̀, nọ́ńbà kan wà níbì kan tí ẹ kọ láìní ẹ̀rí. Ẹ padà sí ìlà 5, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.